“Kò Ṣiṣẹ́” Kì Í Ṣe Ìròyìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Bí ẹni tí ó ni ẹ̀fọ́ kò bá tú ewé wò, tí ó kàn dúró sí ẹ̀bá oko tí ó ń pariwo pé ẹ̀fọ́ òun ti bàjẹ́, kòkòrò náà yóò jẹ ewé tán, yóò sì jẹ igi rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ. A ti di aláriwo ẹ̀bá oko. Kọ̀ǹpútà dákú, a pariwo. Ètò kan kọ̀ láti ṣí, a pariwo. Àmì ohùn fò kúrò lórí lẹ́tà Yorùbá, a kẹ́dùn, a mi orí, a sì lọ sùn. Kò sí ẹni tí ó tú ewé wò.

Linux ni mo ń bá wí, pàápàá èyí tí a ń lò lórí tábìlì ní ilé-ìwé, ní ọ́fíìsì àti nínú ilé. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn káàkiri ayé ti ń kọ́lé lé e lórí: Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993, KDE ní 1996, GNOME ní 1997, Ubuntu sì jáde ní 2004. Títí di ọdún 2011, àwọn tí ó ṣe Ubuntu a máa fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tí ó bá béèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ nìkan kọ́ ni ó ya Linux sọ́tọ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ṣí inú rẹ̀ wò, kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ ṣe, kí ó sì fi àtúnṣe náà ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni ín. Ìyẹn ni pé ilẹ̀kùn wà tí a lè kàn. Bí a kò bá kàn án, ẹjọ́ ta ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Àbúrò mi kan tí ó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá ní ilé-ìwé girama pè mí ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ìbéèrè kejì nínú ìwé ìdánwò rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ ṣe gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìwé náà jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, “ọkọ” mẹ́rin ni ó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àpótí kéékèèké òfìfo níbi tí ó yẹ kí àmì ohùn wà. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ lọ sí ìrìn-àjò àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun, gbogbo wọn ti di ọ̀kan náà. Báírò ni àbúrò mi fi fa àmì sí 60 ẹ̀dà, títí agogo méjìlá òru fi kọjá.

Mo bi í pé, “Ṣé o ti sọ fún àwọn tí ó ṣe ètò yìí?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni mo fẹ́ sọ fún?”

“Fọ́ǹtì wo ni o lò?”

“Mi ò wò ó, sà.”

“Linux wo ni? Ẹ̀dà èwo?”

“Linux náà ni, sà.”

“Ìgbà wo ni ó ti bẹ̀rẹ̀?”

“Á tó ọdún méjì.”

Ọdún méjì! N kò bá a wí, nítorí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Bóyá olùkọ́ mìíràn wà ní ìlú mìíràn tí ó ń fi báírò fa àmì ní òru ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó sì lè tún ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó sí ibì kan, kò gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀, kò mọ̀ pé ìlà kékeré kan ni ó ya ọkọ̀ kúrò lára ọkọ. Lójú tirẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Àwọn àgbà ní ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí èdè wa kò bá dùn wá tó kí a kọ ìwé nípa rẹ̀, àjèjì wo ni yóò dùn?

Nísinsìnyí, kí ni ó dé tí àmì náà fi ń bọ́? Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ èyí bí ó ti mọ sílébù. Nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà. Ètò nọ́ńbà tí gbogbo ayé ń lò ni Unicode. Níbẹ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Lẹ́tà ọ ní tirẹ̀, U+1ECD. Lẹ́tà ṣ náà ní tirẹ̀, U+1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Nǹkan méjì ni a so pọ̀: ẹ fúnra rẹ̀, àti àmì ohùn òkè, U+0301, tí yóò gun orí rẹ̀. Fọ́ǹtì ni ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì yóò jókòó sí. Bí fọ́ǹtì kò bá ní àmì náà, kọ̀ǹpútà yóò lọ yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn. Aṣọ àyálò sì ṣòro kí ó bá ara mu. Bí kò bá rí i yá, àpótí òfìfo ni yóò fi dípò.

Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ́ kan náà yìí, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà: ẹ àti àmì òkè, tàbí é àti àmì abẹ́ lẹ́tà, tàbí e lásán, àmì abẹ́ lẹ́tà, àti àmì òkè. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ètò tí kò bá sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan kí ó tó wá ọ̀rọ̀ yóò sọ fún ọ pé “ẹ̀kọ́” kò sí nínú ìwé tí o fi ojú ara rẹ rí i.

Nítorí náà, nígbà tí àmì ohùn bá bàjẹ́, ó kéré tán afurasí mẹ́rin ni ó wà: kíbọ́ọ̀dù tí a fi tẹ̀ ẹ́, fọ́ǹtì tí ó yà á, ètò tí a fi ń kọ̀wé, àti apá inú Linux tí ó ń to lẹ́tà sí ààyè wọn, irú HarfBuzz. Ẹni tí ó wí pé “Yorùbá kò ṣiṣẹ́ lórí Linux” ti fi ẹ̀sùn kan àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì mú ẹyọ kan. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí ó dájọ́ láìgbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ńkọ́? Irọ́ sì wà nínú ẹ̀sùn náà pẹ̀lú, nítorí ètò kíbọ́ọ̀dù fún Yorùbá wà nínú Linux, lábẹ́ Nàìjíríà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Haúsá àti ti Ígbò. Mélòó nínú wa ni ó ti ṣí i wò?

Àwọn Òyìnbó ń pe àṣìṣe inú ètò ní bug, ìyẹn kòkòrò. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti ìgbà ayé Thomas Edison. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, ní yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, kòkòrò tòótọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ ìṣírò Mark II bá nínú rẹ̀: àfòpiná kan ni. Ìtàn yìí gbajúmọ̀, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí a kì í sọ ni ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Wọn kò kàn gbá àfòpiná náà dànù. Wọ́n kọ wákàtí tí wọ́n rí i sílẹ̀, 15:45. Wọ́n kọ apá ẹ̀rọ tí ó wà, àní nọ́ńbà ibi gan-an tí ó há sí. Wọ́n sì lẹ òkú rẹ̀ mọ́ ojú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Wákàtí, ibi, ẹ̀rí. Ìròyìn tí ó pé nìyẹn, láti 1947.

Kí ni àwa ń ṣe ní tiwa? A ń pe alátùn-únṣe. Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, “Ẹ jẹ́ kí a fọ́máàtì rẹ̀.” Ẹni tí ó sun ilé rẹ̀ nítorí eku, ó pa eku lóòótọ́; ṣùgbọ́n kò mọ ihò tí eku gbà wọlé, eku mìíràn yóò sì gba ibẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Kọ̀ǹpútà tí a fọ́máàtì ti pa ẹnu mọ́ títí láé. Ẹ̀rí ti jóná.

Ọ̀nà tí ó tọ́ kò le. Èkíní, yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Pààrọ̀ fọ́ǹtì, kí o fi gbogbo ohun yòókù sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí àṣìṣe kò bá lọ, dá fọ́ǹtì padà, kí o wá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sínú ètò mìíràn. Bí kò bá tún lọ, ṣí àkáǹtì tuntun lórí kọ̀ǹpútà kan náà, kí o dán an wò níbẹ̀. Bí àṣìṣe bá pòórá, a jẹ́ pé inú ètò tí o tò fún ara rẹ ni ó wà. O sì lè gbé Linux ka orí fìláàṣì, kí o tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀ láìfọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí ohun mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ara kọ̀ǹpútà bá yá, kò ní mọ oògùn tí ó wò ó.

Èkejì, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí ètò kan bá ń pa dé lójijì, ṣí terminal, kí o pe ètò náà ní orúkọ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí yóò sọ kí ó tó kú yóò hàn lójú rẹ. Àṣẹ “uname -r” yóò sọ ẹ̀dà Linux fún ọ, “cat /etc/os-release” yóò sọ orúkọ àti ẹ̀dà ètò tí o gbé lé e, irú Ubuntu tàbí Debian. Lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ Linux òde òní, “journalctl -b” yóò ka ohun gbogbo tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ láti ìgbà tí a tàn án. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó dákú ni, tí o tún un tàn, “journalctl -b -1” lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí ó tó dákú. Ṣùgbọ́n kà á kí o tó fi ránṣẹ́, nítorí orúkọ rẹ àti àṣírí ilé rẹ lè wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kọ ọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ìròyìn àṣìṣe ń dáhùn: kí ni mo ṣe? kí ni mo retí? kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ wo ìyàtọ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́, Yorùbá ti bàjẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi, ẹ gbà mí.” Àdúrà nìyẹn. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé: “Mo ṣí LibreOffice Writer. Mo tẹ ẹ, mo sì tẹ àmì ohùn òkè tẹ̀lé e. Mo retí kí àmì náà jókòó lórí ẹ. Dípò bẹ́ẹ̀, ó bọ́ sí apá ọ̀tún, ó kọlu lẹ́tà tí ó tẹ̀lé e. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí mo lo Noto Sans, kò ṣẹlẹ̀ mọ́. Orúkọ fọ́ǹtì tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ àti àwòrán ojú kọ̀ǹpútà mi nìyí.” Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí lè ka èyí kejì, kí ó ṣe gbogbo rẹ̀ níbi tí ó wà, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí àṣìṣe náà. Ibẹ̀ ni àtúnṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ibo ni kí a fi í ránṣẹ́ sí? Bí odò ni ọ̀rọ̀ náà rí. Àwọn tí ó kọ ètò wà ní orísun. Debian gba ètò lọ́wọ́ wọn, Ubuntu sì ń gba púpọ̀ nínú tirẹ̀ lọ́wọ́ Debian. Bí omi bá dọ̀tí, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá láti orísun ni tàbí ní ìsàlẹ̀ odò. Bí kò bá dá ọ lójú, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí o gba Linux rẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Debian ní ètò kan tí a ń pè ní reportbug, Ubuntu ní ubuntu-bug. Àwọn méjèèjì a máa bá ọ kó ẹ̀dà àti nọ́ńbà jọ. Kọ́kọ́ wò bóyá ẹlòmíràn ti sọ ọ́. Àṣìṣe kan, ìròyìn kan. Bí ó bá sì jẹ́ pé ihò tí olè lè gbà wọlé ni o rí, má ṣe kéde rẹ̀ ní gbangba. Kọ̀wé sí àwọn tí ó ń bójú tó ààbò ètò náà ní ìkọ̀kọ̀. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Kò yẹ kí a máa fi ibi tí ogiri ti lanu han aláǹgbá.

Àwọn kan ń wí pé Linux kò nílò àwa, pé ojú tí ó ń wò ó ti pọ̀ tó. Ní 1997 ni Eric Raymond sọ ọ̀rọ̀ yìí di òkìkí, pé bí ojú bá pọ̀ tó, kò sí àṣìṣe tí yóò lè fara pamọ́. Mo ní irọ́ ni. Àṣìṣe tí a ń pè ní Heartbleed jáde pẹ̀lú OpenSSL ní ọdún 2012, ó sì jókòó síbẹ̀ fún ọdún 2 gbáko kí a tó kéde rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2014, bẹ́ẹ̀ ni ayé ni ó ń lo OpenSSL. Ojú pọ̀, ìwọ̀nba ni ó wò. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2024. Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń kọ PostgreSQL, ń dán nǹkan wò lórí Debian, ó sì ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH ń pẹ́ ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá! Ta ni nínú wa tí kò ní sọ pé “nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni”? Òun tọpa rẹ̀ títí ó fi dé inú ètò kékeré kan tí a ń pè ní xz, ó sì rí i pé ẹnì kan tí ó ti fi ohun tí ó ju ọdún 2 lọ wá ojúrere àwọn elétò ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ó kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, ó sì kéde rẹ̀ kí ilẹ̀kùn náà tó dé orí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ayé. Ojú kan ni, ṣùgbọ́n ojú náà wò, ọwọ́ sì kọ.

Mo mọ àwíjàre tí ẹ óò mú wá. Ẹ óò ní, “Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa, ojú wo ni a ó fi ráhùn?” Ìròyìn kì í ṣe ìráhùn. Bí aládùúgbò rẹ bá yá ọ ní àkàbà, tí o sì rí i pé àtẹ̀gùn rẹ̀ kan ti ń mì, ṣé ìwà ọmọlúàbí ni kí o dá a padà kí o dákẹ́? Ẹ óò tún ní, “Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ, Gẹ̀ẹ́sì wa kò dán mọ́rán.” Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó gba ibẹ̀ kan, ìyẹn kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí mo fún yín lókè yìí, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kíláàsì kẹta ilé-ìwé girama tó o. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìmọ̀ pé ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọkọ̀, ìmọ̀ yẹn sì wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ óò wí níkẹyìn pé, “A kọ̀wé, wọn kò dáhùn.” Èyí ni mo gbà. Àwọn tí ó ń bójú tó ètò wọ̀nyí ní ẹ̀bi tiwọn. Ìròyìn a máa jókòó fún ọdún mẹ́ta láìsí èsì, lẹ́yìn náà kí wọ́n tì í pa pé ẹ̀dà tí a fi ròyìn ti gbó. Àwọn kan a máa kanra mọ́ ẹni tuntun tí kò mọ òfin ilé. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga fún ará ìlú, kò yẹ kí ó máa na ẹni tí ó wá sọ pé ọ̀pọ̀lọ́ ti kó sínú rẹ̀. Síbẹ̀, ìròyìn tí a kò dáhùn kò ṣòfò. Orúkọ àṣìṣe náà ti wà ní àkọsílẹ̀. Ẹni kejì yóò rí i, yóò fi tirẹ̀ kún un. Bí ó bá di ogún ènìyàn, yóò ṣòro láti pè é ní àlá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń ké sí. Ọdọọdún ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròkọ oníròyìn, tí a ń ní kí wọ́n ròyìn ayẹyẹ ìgbéyàwó tàbí ìjàǹbá ọkọ̀ tí wọn kò fojú rí. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí odò, a ó sì fún wọn ní máàkì. Irọ́ dídùn ni a ń kọ́ wọn! Ẹ fún wọn ní ìròyìn àṣìṣe kan kọ. Ẹ gbé ìwé kan sí yàrá kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ ọjọ́, ohun tí ó ṣe, ohun tí ó retí àti ohun tí ó rí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mìíràn fi ohun tí a kọ dán an wò. Bí kò bá lè rí àṣìṣe náà, a jẹ́ pé ìròyìn kò tíì pé. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, kí olùkọ́ kan fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Bí ìròyìn kan ṣoṣo bá jáde láti ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní sáà kan, a ó ti sọ̀rọ̀ ju bí a ti sọ ọ́ rí lọ.

Mo bá àbúrò mi jókòó ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ìdánwò náà. Fọ́ǹtì ni ọ̀daràn wa. A pààrọ̀ rẹ̀, a kọ ìròyìn, a fi àwòrán ọkọ mẹ́rin pẹ̀lú àpótí wọn sí i, a fi ránṣẹ́. Kò gbà wá ju wákàtí kan lọ. Bí mo ti ń kọ èyí, èsì kò tíì dé. Ṣùgbọ́n báírò ti padà sínú àpò, a sì ti tú ewé wò.